Wọ́n Ní Bọ̀dá Táì Ti Fi Báńkì Sílẹ̀

Ẹ fa àga yín súnmọ́ ibí, kí ẹ sì rọra sọ̀rọ̀. Ògiri ilé yìí ò nípọn, ìyàwó rẹ̀ sì wà ní kíṣìnnì. Òótọ́ ni o. Bọ̀dá Táì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ sì mọ Ìyá Ẹlẹ́ja: tí iná bá kú, á ní òun rí ẹni tó pa á. Ó ní lílé ni wọ́n lé e. Bàbá Onílé ní rárá, pé ẹnìkan kì í dédé fi báńkì sílẹ̀ àfi tọ́wọ́ rẹ̀ bá ti kan owó. Ìyàwó Mẹkáníìkì ní Kánádà ló ń lọ, òun fojú òun rí ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìrìnnà wo? Káàdì ìdìbò lọkùnrin yẹn mú lọ ṣe fọ́tókọ́pì, ẹni tó bá a ṣe é ló sọ fún mi.

Èmi ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ̀. Àtìgbà tó ti ṣíwọ́ bíbẹ̀ wá pé ká ṣí akáǹtì ni mo ti mọ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ò mọ Bọ̀dá Táì ìgbà yẹn. Ayálégbé tuntun ò ní tíì mọ ibi tí kànga wà tí yóò ti gbé fọ́ọ̀mù dé. Ó ṣí akáǹtì fún Ìyá Ẹlẹ́ja. Ó ṣí fún gbogbo ọmọṣẹ́ Mẹkáníìkì, títí kan èyí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé, àtàǹpàkò ló tẹ̀. Ó ṣí fún ìyàwó kejì Bàbá Onílé, ìyẹn ní kó má sọ fún ọkọ òun, kò sì sọ, àmọ́ nọ́ńbà ọkọ ni obìnrin náà kọ sínú fọ́ọ̀mù, bí àlẹ́ẹ̀tì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù Bàbá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ilé ọba tó jó ni. Lọ́jọ́ ìkómọjáde àwọn ìbejì ẹ̀yìnkùlé, orúkọ ò tíì tán lẹ́nu Àlùfáà tí Bọ̀dá Táì ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù akáǹtì ọmọdé, Táyé tiẹ̀, Kẹ́hìndé tiẹ̀.

Ó wá di àìpẹ́ yìí, obìnrin oní-sìmẹ́ńtì yẹn kó dé sí iwájú ilé. Olówó ni, ẹ̀yin náà ń rí i. Bọ̀dá Táì kí i, ó bá a gbé mátírẹ́ẹ̀sì wọlé, ó fi ẹni tó ń gbé omi wá hàn án, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò dárúkọ akáǹtì! Mo wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń já ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Háà, eléyìí ti lọ.” Ara rẹ̀ ló ṣì ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin ń sọ pé owó oṣù ni. Owó oṣù ò tó, mo gbà, ti ta ló tó ní Nàìjíríà? Tíṣà ń gba èyí tí kò tó ìdajì rẹ̀, ó sì ń ṣe é títí dọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Tágẹ́ẹ̀tì ló ń lé ọmọ báńkì jáde, tágẹ́ẹ̀tì àti ìtìjú tó ń bá a rìn.

Àwọn tó ń wo súùtù rò pé iṣẹ́ báńkì ni kéèyàn jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù kó máa ka owó olówó. Owó tí èmi àtẹ̀yin bá tọ́jú sọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń yá oníṣòwò, òun náà ni wọ́n fi ń ra ìwé gbèsè ìjọba, èlé orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ. Torí náà, ẹni tó bá máa bá wọn ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa fa owó wọlé. Ọ́fíìsì àgbà á bu iye kan lé ẹ̀ka lórí, máníjà ẹ̀ka á pín in fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ó di tìẹ nìyẹn, kí o lọ wá a láàárín àwọn èèyàn táwọn náà ń wá owó oúnjẹ. Tó o bá rí i kó jọ lóṣù yìí, wọn ò ní kí ẹ kú iṣẹ́ ju ọjọ́ kan lọ, wọ́n á fi kún un. Lọ́jọ́ tí Alhaji tó o bẹ̀ títí bá yọ owó rẹ̀ lọ ra tírélà, ọrùn rẹ ni àlàfo yẹn máa bọ́ sí. Ẹni tó ń pọnmi sínú ajere ni.

Bọ̀dá Táì fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọkọ mi nípa ìpàdé kan tí wọ́n ń ṣe lóṣooṣù, MPR ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi iná gbé iṣẹ́ gbogbo èèyàn sára ògiri, ẹni tó bá kún ojú ìwọ̀n á ní àwọ̀ ewé, ẹni tí kò bá kún un á pọ́n. Wọ́n á ní kí ẹni tó pọ́n dìde. Ọkùnrin oníyàwó, bàbá ọlọ́mọ, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì, á dìde dúró, ọmọ tí kò tó àbúrò rẹ̀ á máa bi í bóyá oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló wá jẹ. Ó ní lọ́jọ́ kan wọ́n bi òun pé ta ló kù ládùúgbò òun tí kò tíì ní akáǹtì lọ́dọ̀ wọn, òun ní ó ku adìẹ. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, máníjà ò rẹ́rìn-ín. Kúẹ́rì ni wọ́n já lé e lọ́wọ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

Tọkùnrin ṣì sàn. Ẹ rántí Àǹtí Yàrá Kẹta, ọmọ Èkìtì tí bàtà gogoro rẹ̀ máa ń jí gbogbo wa ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí? Wọ́n ní kó lọ bá olóyè kan, olówó gidi, nílé rẹ̀ ní Lekki, ní aago mẹ́jọ alẹ́, torí aago yẹn ni olóyè máa ń ráyè. Máníjà tó rán an níṣẹ́ ń gbé Lekki, kò bá a lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ti ṣe máàkẹ́tìnnì báńkì rí, wọ́n á ní irú rẹ̀ láti sọ fún yín. Ọmọ náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ilé ló wá, ó ní kí ìyá rẹ̀ tó wá kí i láti Adó múra. Ìyá wé gèlè, ó gún iyán, ó ro ẹ̀fọ́ sínú kúlà, àwọn méjèèjì wọkọ̀ ó di Lekki. Ọmọge ni olóyè ń retí, àgbàlagbà ló rí lórí ìkúnlẹ̀: “Ọmọ mi ní ẹ fẹ́ gbé owó sí báńkì fún òun, mo ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọmọ mi lóore.” Wọ́n ní olóyè jẹ iyán yẹn, ó ń làágùn lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Kò gbé kọ́bọ̀ kalẹ̀ fún báńkì. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa ṣe ọjọ́ ìbí, ó ránṣẹ́ pe ìyá náà pé kó wá gún iyán fún àlejò òun, àwọn àlejò náà tún ránṣẹ́ pè é. Àǹtí fi báńkì sílẹ̀ kí ọdún tó yí po. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ òde àríyá káàkiri Èkó báyìí, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò ju èyí tí máníjà ń wà lọ. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló mọ máàkẹ́tìnnì nínú àwọn méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ iyán yìí ti ń pa mí. Níbo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n, tágẹ́ẹ̀tì.

Ṣé ẹ rántí Bàbá Alájọ tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ yí ọjà po? Iṣẹ́ báńkì náà ló ń ṣe. Á wá sí ìsọ̀ rẹ lójoojúmọ́, á gba èyí tó o ní, á sàmì sí káàdì, tóṣù bá parí á kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ, á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀, ó parí. Àjọ àti èésú ti wà kí òyìnbó tó dá báńkì sílẹ̀ ní Èkó, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gan-an gbé e lọ, ní Trinidad wọ́n ṣì ń dá susu dòní. Nígbà tí Bọ̀dá Táì ṣàlàyé tágẹ́ẹ̀tì fún Bàbá Alájọ, ojú àánú ni bàbá fi wò ó. Ó ní, “Ẹni tí kò bá pa owó lónìí ńkọ́?” Bọ̀dá Táì ní wọn ò bìkítà. Bàbá ní ẹni tó bá gbé irú iṣẹ́ yẹn fún òun, òun á da káàdì sínú ọ̀sà.

Kò kúkú rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ẹ bi Bàbá Onílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ báńkì láyé àtijọ́. Wọ́n á fún oníbàárà ní tálì onírin, á jókòó títí wọ́n á fi pe nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, á padà wá lọ́la. Oníbàárà ló ń bẹ báńkì. Ayé Babangida ni nǹkan yí. Wọ́n gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, dé ní 1986, wọ́n ṣílẹ̀kùn ìwé àṣẹ, báńkì hù káàkiri, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. 1990 ni wọ́n dá GTBank àti Zenith sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni súùtù wọ̀lú. Ìyá tó bá ní ọmọbìnrin ò fẹ́ dókítà mọ́, ọmọ báńkì ló ń wá. Ọmọ báńkì ló ń ra ọkọ̀ lọ́dún kejì tó jáde ilé ìwé. Ìtànjẹ pọ̀ nínú rẹ̀ o, torí nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1998, báńkì 26 ni báńkì àpapọ̀, CBN, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Súùtù pọ̀ ní ọjà àlòkù lọ́dún yẹn.

Lẹ́yìn náà ni Soludo dé sórí àga gómìnà CBN. Ní oṣù Agẹmọ 2004, ó ní báńkì tó bá fẹ́ wà gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà, bílíọ̀nù 2 péré ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní títí di òpin 2005. Báńkì 89 ni wọ́n, 25 ló kù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ṣe, torí àwọn oníwèé ìròyìn ń sọ ti báńkì, wọn ò sọ ti èèyàn inú rẹ̀. Báńkì méjì tó fẹ́ra wọn ní ẹ̀ka méjì lójú títì kan náà, ẹ̀ka kan ló máa kù. Máníjà méjì, ọ̀kan á lọ. Ẹni tó bá sì kù, báńkì tó di ńlá fẹ́ kó mú owó ńlá wá. Ẹ̀yìn Soludo ni àwọn ọmọ báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fọ́ọ̀mù ìpín kiri bí ẹni ń kiri ọjà. Ẹni tó ń gbé yàrá Bọ̀dá Táì tẹ́lẹ̀, báńkì lòun náà ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ta ìpín fún Bàbá Onílé. Ó tún ní báńkì á yá a lówó tó máa fi ra sí i. Ọjà ìpín wó ní 2008. Ní 14 oṣù Ògún 2009 Sanusi, tó gbapò Soludo, yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan. Ìwé ìpín Bàbá Onílé ṣì wà nínú àpótí, ó dára lójú, ó ní òǹtẹ̀ pupa. Báńkì tó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lókè ò sí mọ́. Ẹni tó tà á fún un kó jáde lóru, kò sì jẹ gbèsè ilé. Ojú Bàbá ni kò lè wò mọ́. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ báńkì ń fiṣẹ́ sílẹ̀? Ẹlòmíì, ilé àti iṣẹ́ ló fi sílẹ̀ pọ̀.

Bàbá Onílé ò sì gbàgbé. Ìyẹn ni kò ṣe gbà rí pé ọmọ báńkì kan lè jáde lọ́wọ́ mímọ́.

Bọ̀dá Táì ò jí kọ́bọ̀, mo lè búra. Kó tó bọ́ sí máàkẹ́tìnnì, tẹ́là ni. Tẹ́là á ka owó látàárọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á tún un kà. Tó bá dín, owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ ọ́. Mo bi í pé tó bá lé ńkọ́? Ó ní tó bá lé, ti báńkì ni. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dé ilé ní aago mẹ́wàá alẹ́: owó ti wọlé, oníbàárà ti sùn, wọ́n ń wá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó sọnù nínú mílíọ̀nù. Tó bá di Jímọ̀, ẹ̀yin ará ilé yìí á ti dúró dè é lẹ́nu géètì fún owó tuntun tẹ́ ẹ máa ná lóde. Ìyá Ẹlẹ́ja fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀, ó ní àfi mínńtì. Òfin CBN ti 2007 ní ẹni tó bá ná owó lórí èèyàn lóde lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó san owó tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún 50 náírà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2024 CBN tún ní ẹ̀ka báńkì tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń kó mínńtì fún àwọn tó ń tà á, mílíọ̀nù 150 náírà ni ìtanràn rẹ̀. Bọ̀dá Táì ṣàlàyé òfin 2007 yẹn, ó ṣàlàyé. Ìyá Ẹlẹ́ja ní ìgbéraga ni. Wọn ò kíra fún odindi àkókò òjò.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń ṣe tẹ́là, súùtù kan náà, káńtà kan náà, owó oníbàárà kan náà. Tí àlẹ́ẹ̀tì owó oṣù bá wọlé, ti ọmọ yẹn ò tó ìlàjì ti èkejì. Kí ló fà á? Kọ́ńtíráàtì ni. Iléeṣẹ́ mìíràn ló gbà á síṣẹ́, iléeṣẹ́ yẹn ló wá fi í ránṣẹ́ sí báńkì. Orúkọ báńkì wà lára aṣọ rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ò sí nínú ìwé báńkì. Wọ́n á ní tó bá ṣe dáadáa wọ́n á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gan-an, wọ́n á ṣe ìdánwò fún un lọ́dọọdún, wọ́n á ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá. Ọjọ́ orí tó lò tán síwájú wọn níbẹ̀! Ní tèmi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò fiṣẹ́ sílẹ̀ rárá tó bá lọ, torí wọn ò fún un níṣẹ́ rí.

Ẹ̀yin náà ẹ má ṣojú fúrú, ẹ rántí wàhálà náírà. Emefiele, gómìnà CBN ìgbà yẹn, kéde ní 26 oṣù Ọ̀wàrà 2022 pé òun máa yí igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún padà. Tuntun jáde ní 15 oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n ní ti àtijọ́ ò gbọdọ̀ kọjá 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọ́n tún sún un di 10 oṣù Èrèlé. Àtijọ́ ti wọ báńkì lọ, tuntun ò tó jáde. Abúja ni Emefiele wà, ọlọ́pàá yí i ká. Ta ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn báńkì? Ọmọ báńkì ni. Ní Abẹ́òkúta, àwọn èèyàn fìbínú ya lu báńkì. Fídíò àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi yẹ̀rì fo ògiri ẹ̀yìn wà lórí fóònù gbogbo wa, a sì ń fi ránṣẹ́ síra wa pẹ̀lú ẹ̀rín. Bọ̀dá Táì á bọ́ táì rẹ̀ sínú àpò kó tó jáde ní Marina, á wọ jẹ́sì Arsenal lé ṣẹ́ẹ̀tì, á sì gba ẹ̀yìn ọjà dé ibùdókọ̀. Tó bá délé sí Ìkòròdú níbí, Ìyá Ẹlẹ́ja á wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé kó kó owó tuntun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin tó ń yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi! Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi máa ní ká máa ná ti àtijọ́ lọ, ní 3 oṣù Ẹrẹ́nà 2023, àwọn méjèèjì ti di ọ̀tá.

Èmi rò pé ibẹ̀ ló ti kú mọ́ ọn nínú. Gbogbo ọdún tó fi ń bẹ̀ wá, orúkọ rere rẹ̀ ló ń tà fún wa: ẹ gbé owó yín fún mi, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. A gbé e. Ìgbà tí a wá fẹ́ yọ ọ́, kò rí i fún wa, kì í sì í ṣe òun ló kó o. Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ fún oní-sìmẹ́ńtì pé kó wá ṣí akáǹtì?

Àwọn kan ní olè ló ń dẹ́rù ba ọmọ báńkì. Ìyẹn náà wà. Ní 5 oṣù Igbe 2018 adigunjalè ya wọ Ọ̀ffà, wọ́n kọ lu báńkì bíi mélòó kan, wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀mí tó lé ní ọgbọ̀n ló bọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlú kékeré lẹ́yìn ìyẹn ò sùn mọ́. Àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà sì ń já pa. Àtìgbà tí náírà ti já lulẹ̀ ní 2023, ẹni tó bá lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún òyìnbó, kí ló fẹ́ wá ṣe ní Third Mainland Bridge ní aago márùn-ún ìdájí? Àwọn wọ̀nyẹn tètè lọ, a ò tiẹ̀ mọ ojú wọn ká tó ṣòfófó wọn.

Ẹni ńlá náà ń fi báńkì sílẹ̀, ẹ má rò pé mẹ̀kúnnù nìkan ni. Subomi Balogun, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára àwọn tó gbé báńkì ICON dìde, nígbà tó di ká yan ọ̀gá, wọ́n fò ó kọjá. Ó bá tirẹ̀ lọ ní 1977, ó dá City Securities sílẹ̀, nígbà tó sì di 1982 ó dá báńkì tirẹ̀ sílẹ̀, FCMB. Aigboje Aig-Imoukhuede àti Herbert Wigwe jáde ní GTBank ní 2002, wọ́n lọ ra Access Bank. Lọ́dún yẹn kan náà ni Fola Adeola, tó dá GTBank sílẹ̀ pẹ̀lú Tayo Aderinokun, gbé àga ọ̀gá fún Aderinokun láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Kunle Afolayan, ọmọ Adé Love, ṣiṣẹ́ báńkì kó tó gbájú mọ́ fíìmù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tí ẹni ńlá bá jáde, báńkì ló ń dá. Tí Bọ̀dá Táì bá jáde, agboòrùn àti ẹ̀rọ POS ló ń rà.

Áà, mi ò tíì sọ ìyẹn? Oríta tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí ni. Ó ti rí ibi tó máa jókòó sí, ó ti bá oníbùrẹ́dì sọ̀rọ̀. Báńkì ò lé e. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí wọn ò fi ní lé èèyàn. Ní 2016 mínísítà ètò iṣẹ́, Chris Ngige, ní kí àwọn báńkì dáwọ́ lílé òṣìṣẹ́ dúró. Nígbà kòrónà, ní oṣù Èbìbí 2020, CBN náà ní wọn ò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé Bọ̀dá Táì láti Marina lọ sí ẹ̀ka kan ní Lekki-Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á di ìlọ́po méjì torí olówó pọ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ rẹ̀ kékeré pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ sílé wa, sà.” Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó tún wọ yàrá lọ, ó jókòó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni ìwé lọ.

Wọ́n tún ti ṣe ti Soludo padà, ẹ ò gbọ́? Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024 CBN ní báńkì tó bá fẹ́ máa ṣòwò dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 500, èyí tó máa ṣe é ní gbogbo Nàìjíríà, bílíọ̀nù 200, kí gbogbo rẹ̀ sì ti pé ní 31 oṣù Ẹrẹ́nà 2026. Ta lẹ rò pé wọ́n rán kiri?

Ọmọbìnrin Bàbá Onílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, báńkì ti gbà á. Bàbá tó ń pe ọmọ báńkì lólè ti pa adìẹ. Ọmọ náà wá bá mi lánàá, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó ní, “Ẹ̀yin Mọ́mì, mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́.” Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Mo ní ṣé ó mọ iye akáǹtì tí mo ní nílé yìí? Gbogbo ọmọ báńkì tó ti gbé ibí ló ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi, owó káàdì nìkan ni mò ń rí tí wọ́n ń yọ. Ó ní kò burú, tóun náà ló kù. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì ni mo ní. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja tó ń ha ìpẹ́ ẹja nítòsí bi í pé èló ni wọ́n ní kó kó wá. Ó ní mílíọ̀nù àádọ́ta. Ìyá Ẹlẹ́ja ní, “Títí tó o máa fi fẹ̀yìn tì?” Ó ní rárá, mà, láàárín oṣù mẹ́fà, ìyẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá àwọn lè gba òun síṣẹ́.